Ilé Ìyá Alẹke, Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Fẹnu Fẹ́ Ojú Omi

Iṣẹ́ tí Ìyá Alẹke ń ṣe ni wọ́n fi ń pè é. Ike ló ń lẹ̀: bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ya nídìí, abọ́ ìfọṣọ tó sán, àga oníke tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ìdérí tí ọmọdé jókòó lé lórí tó sì fọ́ sí méjì. Ẹni tó bá gbé nǹkan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, "Èyí tó já kúrò lára rẹ̀ dà?" Nítorí pé ike kì í gba àlejò. Èyí tó le kì í mú èyí tó rọ̀. Bí o bá fi tipátipá so wọ́n pọ̀, wọn yóò tún ara wọn kọ̀ kó tó pẹ́.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ààrò èédú kékeré kan wà níbẹ̀, irin méjì sì wà nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ọ̀kan pẹlẹbẹ, èkejì ẹnu ṣóńṣó. Yóò kọ́kọ́ fi abẹ ha etí ibi tó ya títí ìdọ̀tí yóò fi kúrò. Yóò gé ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan lé e, yóò sì fi irin gbígbóná tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń lọ aṣọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Èéfín yóò rú, yóò yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ kò ní dúró. Bó bá tutù tán, yóò tún fi abẹ ha ojú rẹ̀ kó lè jọ̀lọ̀. Ohun tí abẹ bá ha sílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní èérún nínú ilé náà. Èérún pupa, èérún funfun, èérún búlúù. Ó wà nílẹ̀, ó wà lára aṣọ, ó wà nínú irun, ó wà lójú fèrèsé. Bí afẹ́fẹ́ bá dé, á bá a wọ ilé lọ bí àlejò tó ti mọ ọ̀nà yàrá.

Gbogbo ará ilé náà ló ní ikọ́ kan báyìí, tí kì í pọ̀, tí kì í sì í tán. Bí ẹnì kan bá béèrè, Ìyá Alẹke á ní, "Ikọ́ ilé wa nìyẹn," bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ológbò tí wọ́n jọ ń gbé.

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú tó sì fi àwọn ọmọ kéékèèké sílẹ̀ fún un, àgbá omi oníke kan ṣoṣo tí wọ́n ní nínú ilé ya láti etí dé ìdajì. Ó jókòó tì í, ó wò ó títí. Nígbà tó yá, ó ki ọ̀bẹ bọ iná, ó fi tẹ ibi tó ya. Ọ̀bẹ bàjẹ́, ọwọ́ jóná, ṣùgbọ́n omi dúró nínú àgbá. Àwọn aládùúgbò wá wò ó, wọ́n ń fọwọ́ tọ́ ọ. Ọ̀kan nínú wọn yí padà lọ sílé, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ dé. Bó ṣe di alẹke nìyẹn.

Àgbá náà kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná láti ìgbà náà. Búlúù ni tẹ́lẹ̀. Oòrùn ti fà á di àwọ̀ tí kò lórúkọ. Bí o bá fọwọ́ pa á lára, ìyẹ̀fun búlúù á tẹ̀ lé ọ lọ́wọ́. Ojú ibi tó ti ya tí wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lára rẹ̀ bí ìlà inú àtẹ́lẹwọ́. Omi inú rẹ̀ ni wọ́n ń mu, òun ni wọ́n fi ń se oúnjẹ. Bí oníbàárà tuntun bá ń ṣiyèméjì, Ìyá Alẹke kì í jiyàn pẹ̀lú rẹ̀. Orí ni yóò fi júwe àgbá. "Ṣé o rí ìyẹn? Ó dàgbà ju àbíkẹ́yìn mi lọ. Kò jò rí láti ọjọ́ tí mo ti fọwọ́ kàn án." Oníbàárà á sì gbé nǹkan rẹ̀ kalẹ̀.

Èérún máa ń léfòó lójú omi yìí, ilé náà sì ti ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mu ún. Wọn á gbé ife, wọn á tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀, wọn á fẹnu fẹ́ ojú rẹ̀, fùú, kí èérún lè sún lọ sí etí ọ̀hún, wọn á wá mu láti etí tó wà lọ́dọ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ ọmọ kankan. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìrìn ni wọ́n ń kọ́ ọ. Àbúrò Ìyá Alẹke ọkùnrin, awakọ̀ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, tí àdúgbò ń pè ní Ẹnu-Ò-Sinmi, máa ń sọ pé àwọn ń fẹ́ omi tútù kó má baà jó àwọn lẹ́nu.

Bí ilé náà ṣe rí nìyẹn. Kẹ́tù oníná kan tí wọ́n fi ń se omi wà níbẹ̀, tí wáyà rẹ̀ ti ṣí lára, tó máa ń ta èèyàn lọ́wọ́ bí agbọ́n. Igi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń tàn án, tí wọ́n sì fi ń pa á. Kò sẹ́ni tó rò ó pé wọ́n lè tún wáyà ṣe, nítorí pé gbogbo wọn ti mọ igi. Ewu tí a bá ti mọ ibi tó jókòó sí, a kì í pè é ní ewu mọ́. A ó kàn máa yà fún un, bí a ṣe ń yà fún ìbátan tó ń yára bínú.

Àbíkẹ́yìn Ìyá Alẹke ń ṣiṣẹ́ onígbàjámọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n ti ní ilé tiwọn. Òun nìkan ló kù lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, tí kì í bá ènìyàn jà, bóyá nítorí pé abẹ ló máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan mú àbúrò rẹ̀ wá gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀, ó jókòó dúró dè é. Ó tún mú un wá. Nígbà tó ṣe, ó ń wá láìmú àbúrò kankan lọ́wọ́. Oníbúrẹ́dì ni bàbá ọmọbìnrin yìí, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wọn ìyẹ̀fun nílé iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti fi ẹnu kò pé àwọn yóò fẹ́ra, pé inú yàrá tó kọjú sí ilé ìdáná Ìyá Alẹke làwọn yóò máa gbé. Ó ku kí bàbá ọmọbìnrin rí onígbàjámọ̀ kó sì gbà.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí oníbúrẹ́dì jẹ́. Ó máa ń fọ ọwọ́ títí dé ìgunpá. Nígbà kan rí, oníbàárà kan pariwo lójú pópó pé òun rí ìdọ̀tí nínú búrẹ́dì rẹ̀. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó mọ̀ pé irọ́ ni, búrẹ́dì ti ń bu lórí pẹpẹ, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ti lọ wá iṣẹ́ síbòmíràn. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kì í fi ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ṣeré nílé rẹ̀.

Ọjọ́ tí onígbàjámọ̀ lọ, wọ́n fi í jókòó sórí àga tó dára jù. Wọ́n bi í léèrè iṣẹ́, ó dáhùn. Wọ́n bi í léèrè ìyá rẹ̀, ó dáhùn. Ìyá ọmọbìnrin náà ní, "Ẹ bu omi fún àlejò, oòrùn pọ̀ níta." Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ gbé omi wá nínú ife gíláàsì tó mọ́ gaara. Ó dúpẹ́, ó gbà á, ó tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀, ó sì fẹ́ ẹ. Fùú.

Ìyá ọmọbìnrin náà na ọrùn wo inú ife.

"Kí lo rí níbẹ̀?" Oníbúrẹ́dì ló béèrè.

"Níbo, sà?"

"Nínú omi tí o fẹnu fẹ́."

"Mi ò rí nǹkan kan, sà."

"O ò rí nǹkan kan, o wá ń fẹ́ ẹ."

Onígbàjámọ̀ kò mọ ohun tí òun ṣe. Kò mọ̀ rárá, bí ẹni tí wọ́n ní ó mí sínú. Ẹ̀rù bà á, ó sì tún gbé ife náà sẹ́nu. Fùú.

"Ó tún ṣe é!" ni ìyá ọmọbìnrin náà ké. Àbúrò tí wọ́n ti ń mú wá gẹrun bú sẹ́rìn-ín, ó sáré jáde.

Oníbúrẹ́dì dìde. Kò pariwo. "Ọmọ mi, ẹni tó bá ń fura sí omi ilé ènìyàn, kò yẹ kó máa wá ìyàwó níbẹ̀. Máa lọ ná. Bí o bá rántí ohun tí o rí nínú omi wa, kí o padà wá sọ ọ́ fún mi. Bí o ò bá rántí, kò sí wàhálà, àwa náà ó gbàgbé ohun tí o bá wá."

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ ń ha ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́.

"Màámi, wọ́n ní mo fẹnu fẹ́ omi wọn."

"Ẹn-ẹ́n. Kí lo wá ṣe?"

"Ìyẹn náà ni."

"Ìyẹn náà ni kí ni?"

"Òun náà ni wọ́n torí rẹ̀ bínú, Màámi. Wọ́n ní kí n máa lọ."

Ìyá Alẹke gbé abẹ sílẹ̀. "Báwo làwọn ṣe ń mu tiwọn?"

"Wọ́n kàn ń mu ún ni."

"Láìfẹ́ ẹ?"

"Láìfẹ́ ẹ."

Ó wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé àwọn kan wà tí kì í bọ́ aṣọ kí wọ́n tó wẹ̀. Ilé rẹ̀ ni àwọn oníbàárà máa ń wá bá a; òun kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ jókòó sílé onílé. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ pé bí gbogbo ayé ṣe ń mu omi nìyẹn.

Ẹnu-Ò-Sinmi ti yọ láti yàrá ẹ̀yìn. "Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ ló sọ. Mo ti wa ọkọ̀ káàkiri. Gbogbo ilé oúnjẹ tí mo ti fẹ́ omi ni wọ́n ti ń wò mí. Mo rò pé ẹwà mi ni wọ́n ń wò."

"Dákẹ́ ná, ìwọ ọkùnrin yìí."

"Mo ti dákẹ́. Ẹ bi ẹnu mi bóyá òun náà gbọ́."

Ìyá Alẹke kò rẹ́rìn-ín. Ó fọ ọwọ́, ó wọ aṣọ tó dára, ó sì mú ọ̀nà ilé iṣẹ́ oníbúrẹ́dì. Èrò ọkàn rẹ̀ ni pé bí òun bá ti ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ tán.

Ó bá wọn lẹ́nu iṣẹ́. Oníbúrẹ́dì ń gé ìyẹ̀fun pípò lórí tábìlì gígùn, ìyàwó rẹ̀ ń to búrẹ́dì gbígbóná sórí pẹpẹ, ọmọbìnrin náà wà nídìí òṣùwọ̀n.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni ìyá ọmọ tó fẹ́ omi."

Oníbúrẹ́dì kò gbójú sókè. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jókòó."

"Mi ò tíì lè jókòó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lórí ìdúró. Ọmọ mi kò rí nǹkan kan nínú omi yín. Inú omi tiwa ni nǹkan wà. Ike ni mo ń lẹ̀, èérún rẹ̀ máa ń bọ́ sínú àgbá, a sì máa ń fẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí á tó mu ún. Bó ṣe ti kékeré bá a nìyẹn. Kò fura sí yín. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe é. Èmi gan-an ò mọ̀ títí di òní pé ẹ̀yin kì í ṣe é."

Ọwọ́ oníbúrẹ́dì dúró lórí tábìlì. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wò ó, obìnrin náà sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí oníbúrẹ́dì fi máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà jáde láti inú ikùn. "Háà! Èmi ti ń bi ara mi léèrè pé irú kòkòrò wo ló wà nínú kànga wa! Ẹ jókòó, ìyá wa, ẹ jókòó. Mo ti ro búburú sí ọmọ ọlọ́mọ."

Ibẹ̀ ni ìbá ti parí. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí òṣùwọ̀n, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀:

"Màámi, ẹ má bínú. Èyí tó léfòó lẹ̀ ń fẹ́. Èyí tó rì ńkọ́?"

"Èyí tó bá rì ti lọ sísàlẹ̀."

"Ta ló ń mu ìsàlẹ̀ ife?"

Ìyá Alẹke wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó di ife mú.

"Mo gbọ́ ọ lórí rédíò," ni ọmọbìnrin náà wí. "Wọ́n ní èyí tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ò lè rí i wà níbẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ti rí i nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Ohun tó ń ṣe níbẹ̀, wọ́n ní àwọn ò tíì mọ̀ ọ́n tán. Mo fẹ́ràn ọmọ yín, mà. Ṣùgbọ́n mi ò ní lè máa mu omi inú àgbá yẹn, mi ò sì ní lè fún ọmọ tí mo bá bí mu. Bí òun bá ni omi ilé yín, a ó wá yàrá síbòmíràn."

"Ìwọ ọmọ yìí!" ni ìyá rẹ̀ wí.

"Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́," ni Ìyá Alẹke dáhùn. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ti rí ilé rẹ̀ lójú inú, yàrá tó kọjú sí ilé ìdáná, láìsí ènìyàn nínú rẹ̀.

Nítorí kí ojú lè rí ibi sá sí, ó wo tábìlì. Ike pẹlẹbẹ tí oníbúrẹ́dì fi ń ha ìyẹ̀fun kúrò lára igi wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti kúrú ju èkejì lọ dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ mú un fúnra rẹ̀, bí ọwọ́ oníṣẹ́ ṣe máa ń ṣe.

"Tiyín yìí ti dín, bàbá. Èyí tó já kúrò dà, kí n bá yín lẹ̀ ẹ́?"

"Kò já, mà. Lílò ló jẹ ẹ́."

"Ó jẹ lọ síbo?"

Ìbéèrè lásán ni lọ́kàn rẹ̀; bó ṣe máa ń bi oníbàárà ló bi í. Oníbúrẹ́dì fẹ́ dáhùn. Ó wo ike. Ó wo tábìlì, níbi tó ti ń fi í ha igi láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ojú rẹ̀ wá rọra lọ sórí pẹpẹ, níbi tí búrẹ́dì ti ń rú èéfín ní ìlà-ní-ìlà.

"Ó… ó kàn jẹ lọ ni," ló wí.

Ìyàwó rẹ̀ gbé ọ̀kan nínú búrẹ́dì náà, ó gbé e síwájú rẹ̀. "Baálé mi, ẹ bá wa fẹnu fẹ́ ẹ."

Ẹ̀rín tó dé lẹ́yìn èyí gbé àwọn òṣìṣẹ́ jáde láti ibi ìdáná wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀, ojú sì ti oníbúrẹ́dì níwájú gbogbo wọn. Nígbà tó sin Ìyá Alẹke dé ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ohùn kékeré. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tábìlì yẹn jáde síta. Mo máa fi ti irin rọ́pò ike náà kí oòrùn tó wọ̀."

"Ẹ bo tèmi, mo bo tiyín."

"Ní ti ọmọ yín, ó ti wọlé lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ní ti àgbá, ọwọ́ ọmọ mi ló wà. Mi ò lè bá a mu omi tí kò fẹ́ mu."

Inú bí Ìyá Alẹke lójú ọ̀nà. Kí á má parọ́, inú bí i gidigidi. Omi tó fi tọ́ ọmọ dàgbà! Èwo nínú wọn ló kú? Gbogbo ẹni tó ń gbé nǹkan wá fún un, ṣé kì í ṣe àgbá yẹn ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbà á gbọ́? Bí alẹke bá ta àgbá tirẹ̀ nù, ta ni yóò tún gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá bá a?

Ó délé, ó sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀. "Kò sí ẹni tó kú nínú wa."

"Kò sí," ni Ẹnu-Ò-Sinmi wí, ó sì wúkọ́.

Ìyá Alẹke pinnu pé ọ̀nà kan wà láàrin. Yóò máa sẹ́ omi náà. Ó mú ìborùn funfun rẹ̀ kan, tó fẹ́lẹ́, ó ta á sẹ́nu bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì da omi inú àgbá sórí rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Nígbà tí omi sẹ́ tán, ó tẹ́ ìborùn náà sójú oòrùn. Búlúù ni. Kì í ṣe èérún tí a lè ṣà. Bí ìyẹ̀fun ló rí, ó pa gbogbo àárín aṣọ láró. Ó fi ìka kàn án. Ìka kò gbọ́ nǹkan kan lára rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó wo ìka, ó rí i.

Ẹnu-Ò-Sinmi tẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. "Aṣọ náà rẹwà. Ṣùgbọ́n, ẹ̀gbọ́n mi, kí ni wọ́n fi hun ún?"

"Òwú."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

Èyí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń bá alẹke jiyàn lé lórí. Ó fa okùn kan yọ létí ìborùn, ó gbé e sórí irin gbígbóná. Òwú tó bá jóná á di eérú. Okùn yìí kò di eérú. Ó ká jọ, ó yọ́, ó di ìlẹ̀kẹ̀ kékeré líle kan, òórùn rẹ̀ sì ni òórùn tí wọ́n ń gbọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà lójoojúmọ́.

Ó wo ìlẹ̀kẹ̀ náà pẹ́. Ó wá dìde, ó wọ ilé. Ó fa okùn kan yọ lára aṣọ fèrèsé, ó gbé e sórí irin: ìlẹ̀kẹ̀. Ó fa ti ìrọ̀rí: ìlẹ̀kẹ̀. Ti kànìnkànìn ìfọwọ́, ti ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀, ti asẹ́ tíì, ti ẹní tí ó ń sùn lé: ìlẹ̀kẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀. Kìkì aṣọ ìnuwọ́ àtijọ́ kan ló di eérú. Nígbà tó ṣe tán, ó jókòó láàrin ilé rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ibẹ̀ lánàá.

Ọmọbìnrin oníbúrẹ́dì wá ní ọjọ́ kejì láti tọrọ àforíjì, ó ní òun ti sọ̀rọ̀ ju bí ọmọdé ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ó bá Ìyá Alẹke lórí àga, tí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké náà ṣì wà níwájú rẹ̀ lórí pákó.

"Ìyàwó mi," ni Ìyá Alẹke wí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. "Mo dán gbogbo ilé wò. Bí a bá ní kí á kó ohun tó jẹ́ ike jáde, ìta la ó máa sùn, ìhòòhò la ó sì wà."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Rárá o, mà. Ilé tiwa náà kò yàtọ̀. Ohun tó ń gba ẹnu wọlé nìkan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ lé lórí."

"Bó bá jẹ́ ẹnu nìkan, a lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀."

Àwọn méjèèjì ló jọ da omi àgbá náà nù. Ó wúwo, wọ́n ní láti tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí omi máa ṣàn lọ. Nígbà tó kù díẹ̀, omi náà nípọn. Lẹ́yìn náà kì í ṣe omi mọ́. Ẹrọ̀fọ̀ búlúù kan ló kù nísàlẹ̀ àgbá, ó jinlẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó ń dán nínú oòrùn. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ìyá Alẹke ló sọ ọ́.

"Àwọn tó rì nìyí."

Kò sunkún, kì í ṣe ẹni tó máa ń sunkún. Ṣùgbọ́n ó ń ka àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kàn, èyí tó wà nílé àti àwọn tó wà lọ́nà jíjìn, àti àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú ikọ́ rẹ̀, ó sì ń rò ó bí omi inú àgbá yìí ti tó nínú olúkúlùkù wọn. Kò sí irin tí a lè fi dán ìyẹn wò.

Oníbúrẹ́dì fi agolo ńlá kan ránṣẹ́, èyí tí òróró máa ń wà nínú rẹ̀, tó ní ìdérí. Wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n gbé e sí ibòji, wọ́n sì pọn omi mímu sínú rẹ̀. Àgbá wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń kó ẹsẹ̀ àga tó kán sínú rẹ̀. Ẹnu-Ò-Sinmi ní ó ti fẹ̀yìn tì, pé kí ìjọba fún un ní owó ìfẹ̀yìntì. Ìyá Alẹke kó ibi tó ti ń ha ike lọ sí ẹ̀yìn ilé, jìnnà sí ilé ìdáná, ó sì ń tẹ́ aṣọ sílẹ̀ láti gba èérún. Yóò di aṣọ náà, yóò kó o fún àwọn akódọ̀tí. Ibi tí àwọn ń kó o lọ, kò mọ̀, inú rẹ̀ kò sì dùn pé òun ò mọ̀. Ní ti kẹ́tù, ọmọbìnrin náà bi wọ́n pé kí ni igi yẹn wà fún. Wọ́n ṣàlàyé. Ó wo ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Kí omi tó hó lórí ààrò, onígbàjámọ̀ ti lọ pe ẹni tó ń tún iná ṣe wá.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà láìsí ariwo. Ìyàwó kó wọ yàrá tó kọjú sí ilé ìdáná. Ikọ́ ilé kò lọ. Èéfín ṣì ń rú, àga oníke ṣì ni wọ́n ń jókòó lé, ìrọ̀rí ṣì ni ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n omi wọn mọ́.

Ní òwúrọ̀ kan, obìnrin kan gbé abọ́ kékeré kan wá, tó ní ọwọ́ méjì bí etí, tó ti sán láti ìdí dókè.

"Ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́, mà. Ọmọ mi kì í jẹun nínú òmíràn."

"Mi ò lẹ abọ́ oúnjẹ mọ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ìfọṣọ ni mo ń lẹ̀, àti àga."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ lẹ ti ẹ̀gbọ́n mi!"

"Èmi ni."

"Kí ló wá burú nínú tèmi?"

"Ibi tí mo bá lẹ̀ ni yóò máa rún sínú oúnjẹ rẹ̀. Wá abọ́ irin fún un. Yóò sunkún díẹ̀, yóò sì jẹun."

Obìnrin náà pòṣé. "Gbogbo wa la jẹun nínú ike, a ò kú. Ọmọkùnrin kan ti wà lẹ́bàá ọjà báyìí tó ń lẹ̀ ẹ́, kì í sì í wàásù fún oníbàárà." Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ. Ìyá Alẹke ń wò ó títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Ó mọ ojú ọ̀nà tó gbà: ọ̀nà ọjà ni.

Ìyàwó ti gbọ́ láti inú ilé. Ó yọrí. "Màámi, ṣé ó bínú?"

"Ó bínú."

"Ṣé yóò tún padà wá?"

"Bí àga rẹ̀ bá kán," ni Ìyá Alẹke wí, ó sì kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé.